Ilẹ̀kùn Kò Mọ Ojú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn obìnrin tó ń dá wọ òtẹ́ẹ̀lì ní Ògbómọ̀ṣọ́, yálà àwọn tó wá ṣe ìwé ọmọ ní yunifásítì LAUTECH tàbí àwọn oníṣòwò tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lọ́nà Ìlọrin: "Èmi ò fẹ́ yàrá oníkáàdì o. Tí wọ́n bá mú iná lọ lóru, ilẹ̀kùn á kàn ṣí sílẹ̀ gbayawu ni." Àwọn mìíràn á ti gbé àga ti ilẹ̀kùn kí jẹnẹrétọ̀ tó dákẹ́ tán. Àga ò burú. Ìdí tí wọ́n fi gbé e ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Àgádágodo oníkáàdì tí òtẹ́ẹ̀lì ń lò, èyí tí à ń fi káàdì ike ṣí dípò kọ́kọ́rọ́, kì í jẹ iná NEPA. Bátìrì ló wà níkùn rẹ̀, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà, irú èyí tí à ń fi sí aago ògiri, ó sì lè lò ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Iná lọ, iná dé, kò tilẹ̀ gbọ́. Bí bátìrì bá wá tán pátápátá, títì ni yóò wà, kò ní ṣí fún ará ìta. Ẹni tó wà nínú á ṣì yí ọwọ́ ilẹ̀kùn jáde, nítorí irin lásán ni tinú. Ohun tó dà á rú mọ́ àwọn ènìyàn lójú ni àpò kékeré ara ògiri, ibi tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ kí iná yàrá tó tàn. Ìyẹn kò ju suwíìṣì lọ. Wọ́n fi síbẹ̀ kí àlejò má baà fi AC sílẹ̀ lórí iná kó jáde lọ jẹ àmàlà. Ọ̀pọ̀ irú àpò bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ lè ka káàdì: ẹ ki káàdì báǹkì bọ̀ ọ́, ẹ ki káàdì ìdìbò bọ̀ ọ́, iná á tàn. Òun àti ilẹ̀kùn kò mọra rí.

Èyí tó yẹ kó yani lẹ́nu ni pé ilẹ̀kùn àti rìsẹ́pṣọ̀n náà kò mọra. Nínú ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, kò sí wáyà kankan láàárín wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nísàlẹ̀ kò lè pàṣẹ fún ilẹ̀kùn yàrá 12 lókè pé, "Ìyá tó sùn síbẹ̀ lánàá ti lọ, ẹlòmíràn ló ń bọ̀." Ilẹ̀kùn náà ò rí ojú ẹnikẹ́ni, kò gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ó mọ ìgbà tí àlejò yí padà. Ta ló sọ fún un?

Ọ̀yọ́ ti ní irú ètò yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ bátìrì. Aláàfin kì í ti ààfin jáde lọ bá oníbodè sọ̀rọ̀. Ilàrí, ìránṣẹ́ ààfin, ló ń rán. Apá kan orí ilàrí ni wọ́n ń fá, ẹni tó bá rí i lókèèrè ti mọ ibi tó ti wá. Orúkọ tó ń jẹ́ gan-an, ọ̀rọ̀ ọba ni. Mádàríkàn wà lára wọn, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Oníbodè kò ní láti rí Aláàfin, kò ní láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Orí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni yóò kà.

Ká wá ní wọ́n tò wọ́n ní nọ́ńbà. Ọba rán ilàrí ogójì lọ síbodè lánàá, ó rán ọ̀kànlélógójì lónìí. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí oníbodè pé kó lé ti àná. Ti òní pàápàá kò dárúkọ ẹnìkan. Ṣùgbọ́n bó ṣe yọ, tí oníbodè rí i pé òun ló tẹ̀ lé ogójì, iṣẹ́ ti àná parí nìyẹn. Bí ogójì bá padà wá lálẹ́, tó ń fi ọlá ọba halẹ̀ mọ́ ọn, oníbodè á wò ó láti òkè délẹ̀, orí fífá rẹ̀ á di orí fífá lásán. (Ilàrí gidi kò ní nọ́ńbà o. Àfiwé ló ń gbé wa sáré.)

Bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ọmọ rìsẹ́pṣọ̀n tẹ nọ́ńbà yàrá àti ọjọ́ tí àlejò máa lọ, ó gbé káàdì lé ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ náà sì kọ ọ́ sínú káàdì pé: yàrá 12 ni tèmi, èmi ni ìkọkànlélógójì, títí di ọ̀sán ọ̀la. Ilẹ̀kùn rántí pé ogójì lòun rí kẹ́yìn. Ó rí ọ̀kànlélógójì, iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn, ó ṣí; láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ogójì ti kú. Aago wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, òun ló fi ń mọ̀ pé ọ̀sán ọ̀la ti pé. Ó tún ń kọ ìwé ìrántí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà tí wọ́n ṣí i kẹ́yìn wà níbẹ̀, pẹ̀lú wákàtí, àti bóyá káàdì àlejò ló ṣí i, ti ẹni tó ń tún yàrá ṣe, tàbí ti mástà tó ń ṣí gbogbo yàrá. Mánéjà tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ lè kà á. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ pé ilẹ̀kùn ń kọ̀wé á ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó yọjú sí yàrá obìnrin ní aago mọ́kànlá alẹ́ pé òun wá wo páìpù.

Ìtàn bí káàdì ṣe dé kò dùn ún sọ. Ní oṣù November 1974, ọkùnrin kan wọ yàrá akọrin ará Amẹ́ríkà, Connie Francis, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Westbury, ìpínlẹ̀ New York, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Obìnrin náà pe òtẹ́ẹ̀lì lẹ́jọ́, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 2.5 dọ́là fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó mú Tor Sørnes, ará Nọ́wè kan tó ń ṣe àgádágodo, bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ tó lè kú bí àlejò bá ti lọ. Káàdì tó kọ́kọ́ ṣe kò ní kọ̀ǹpútà nínú rárá. Ike pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n lu ní ihò. Àyè ihò 32 ló wà lára rẹ̀; wọ́n lè lu àyè kan, wọ́n sì lè fi í sílẹ̀ láìlu. Ẹ mú méjì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po, ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po títí ihò 32 á fi pé: ó ju bílíọ̀nù mẹ́rin lọ, bí iye ènìyàn tó wà láyé nígbà náà. Káàdì kan fún ẹnìkan láyé, tí wọn ò ní bára jọ.

Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn náà kì í sábà dúró lé lórí ni pé ìkà yẹn kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ilẹ̀kùn gíláàsì tí à ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló gbà, èyí tó jọ pé ó tì, àmọ́ tó ṣeé ṣí láti ìta. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, fèrèsé ilé ìwẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀kùn gíláàsì tiwa: awẹ́ díńgí mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ọwọ́ lè yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sì sí irin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó yẹ kọ́kọ́rọ́ wò nígbà mẹ́ta láìwo ibẹ̀ kò tíì yẹ yàrá wò.

Kọ́kọ́rọ́ irin ńkọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìtura kéékèèké ní Under G àti Tákìé ṣì ń lò? Kò níṣòro lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í kú. Mẹ́ta ló sábà máa ń bá àgádágodo wá nínú páálí: ọ̀kan fún àlejò, ọ̀kan ní rìsẹ́pṣọ̀n, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá. Àlejò kan gbé tirẹ̀ lọ, wọ́n lọ gé òmíràn létí ọ̀nà. Ẹni tó gé e kò bi wọ́n léèrè ilẹ̀kùn ta ni. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kò sí ẹni tó lè ka iye kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn tó wà láyé.

Ẹ tún wo pátákó tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ lẹ́yìn tábìlì rìsẹ́pṣọ̀n. Ìṣó ogún, nọ́ńbà sì wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n so igi pẹlẹbẹ mọ́ kọ́kọ́rọ́, igi tó tóbi tó ìdajì àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà yàrá sí i. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí kò sẹ́ni tó máa gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sápò lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀ tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n lè ka pátákó náà bí ìwé ìròyìn: ìṣó tó ṣófo, àlejò wà nílé, ìṣó tí kọ́kọ́rọ́ wà lórí rẹ̀, kò sí ẹnìkan nínú yàrá. Bí obìnrin kan bá sì gba igi tí wọ́n kọ 7 sí lára lójú gbogbo èrò, tó ń gòkè lọ lóun nìkan, kí ló kù tí wọn ò tíì mọ̀? Ìwé ńlá tí àlejò ń kọ orúkọ sí ló tún parí ọ̀rọ̀. Ó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n so báírò mọ́ ọn lókùn. Ẹni tó bá ń kọ tirẹ̀ ń ka ti ẹni tó wà lókè rẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, yàrá.

Ìdí rèé tí àgádágodo gidi fi wà nísàlẹ̀, lẹ́nu ọmọ rìsẹ́pṣọ̀n. Àwọn kan máa ń fi àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jalè dẹ́rù ba àlejò. Lóòótọ́, ní 2012, Cody Brocious, ará Amẹ́ríkà kan, fi hàn pé ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kò tó 50 dọ́là lè ṣí irú àgádágodo oníkáàdì kan tó wà lára ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì káàkiri ayé. Ta ló máa gbé ẹ̀rọ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí béèrè lásán ti tó? Bàbá kan tó wọ agbádá tó le á wọlé, á ní, "Ọmọ mi, ìyàwó mi tó wọ àdìrẹ yẹn, yàrá wo lẹ fi í sí?" Èsì tí ètò náà ń fẹ́ kò gùn: "Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ má bínú, a kì í sọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa. Tí ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á wá bá yín níbí." Kò sọ pé obìnrin náà wà níbẹ̀, kò sì sọ pé kò sí. Ọkọ tòótọ́ ní nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀.

Ó rọrùn ún kọ sílẹ̀. Àmọ́ ta ló máa sọ ọ́? Ọmọ ogún ọdún tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, tí wọ́n kọ́ nílé pé ọmọ kì í kọ̀ fún àgbà, ni wọ́n fi ṣe oníbodè. Bí bàbá bá ní, "Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?", orúnkún rẹ̀ ti ń wá ilẹ̀. Àbùkù ètò náà nìyẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì ló sì ti wá. Ibi tí mánéjà bá ti gbọ́n, wọ́n á kọ òfin náà gàdàgbà-gadagba, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́yìn ọmọ náà: A KÌ Í SỌ YÀRÁ ÀLEJÒ FÚN ẸNIKẸ́NI. Ọmọ kàn máa nàka sí i. Ìwé ló kọ̀ fún bàbá, ọmọ ò kọ̀. Bákan náà ni kọ́kọ́rọ́ kejì: ẹni tó bá ní tòun sọnù, kó mú káàdì ìdánimọ̀ tí orúkọ rẹ̀ bá ti inú fọ́ọ̀mù mu wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ ṣàwàdà láàárọ̀.

Kámẹ́rà kò gba àlàyé púpọ̀. Kì í di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú, ìtàn ló ń sọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀. Ibi tí kò bá sí ínfátà, òun ni NEPA ń pa lóòótọ́, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Ìdábùú inú ló yàtọ̀ sí gbogbo wọn, irin tí à ń fà láti inú yàrá nìkan. Lára ọ̀pọ̀ àgádágodo oníkáàdì, bí wọ́n bá ti yí èyí tó wà nínú, káàdì àlejò àti ti ẹni tó ń tún yàrá ṣe kò ní ṣí i mọ́. Káàdì pàjáwìrì ọ̀gá nìkan ló kù. Ní yàrá kọ́kọ́rọ́ irin, kò sí kọ́kọ́rọ́ tó lágbára lórí ìdábùú tí wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀kùn dáadáa. Kí ìṣó rẹ̀ má ṣáà ti máa mì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilàrí ogójì. Bí àlejò ṣe ń dé, ọmọkùnrin tó ń báni gbé ẹrù á fẹ́ ṣe ọ̀yàyà: á sáré ṣíwájú, á fi káàdì tirẹ̀ ṣí yàrá, á gbé báàgì sórí àga, á dúró de "o ṣeun". Inúure ni. Ṣùgbọ́n káàdì òṣìṣẹ́ kò sí nínú òǹkà àlejò. Ilẹ̀kùn ò tíì rí ọ̀kànlélógójì, nítorí náà kò sí ẹni tó sọ fún un pé ogójì ti parí. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú sanwó ọjọ́ mẹ́ta, tó lọ ní ọjọ́ kan péré, tó sì gbàgbé káàdì sápò, káàdì yẹn á máa ṣiṣẹ́ títí àkókò rẹ̀ á fi pé, tàbí títí tuntun á fi kan ilẹ̀kùn. Ó tó kí àlejò tuntun náà jáde padà, kó fa ilẹ̀kùn dé, kó sì fi káàdì ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i lẹ́ẹ̀kan kó tó bọ́ bàtà.