“Ṣebí ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́ ṣe é?”: ìdí tí ẹ̀ka ìlera kì í fi í ní kí o bẹ̀rẹ̀ lọ́la

Ẹjọ́ yìí kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ìlera ìlú lọ́jọ́ Ajé pé àwọn fẹ́ wá kọ́ṣẹ́, tàbí pé àwọn fẹ́ yọ̀ǹda ara àwọn. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀ tí èsì kò tíì dé, àròyé ti bẹ̀rẹ̀: “Ṣebí ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́ ṣe é? Wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn ò tó, mo ní mo wà ńlẹ̀, wọ́n tún ní kí n lọ mú ìwé wá.” Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé ẹni tí kò gbowó kò náni ní kọ́bọ̀. Wọn a sì máa gbé òmíràn lé e lórí: pé bó ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera, abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa fún àwọn gún.

Ká tètè gbé ti abẹ́rẹ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ̀ka ìlera ìlú kì í ṣe ilé ìwòsàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀ ni kíkọ àkọsílẹ̀, títẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, pípe àwọn tó fara kan aláàrùn lórí fóònù, àti bíbá àwọn tó ń yẹ ilé oúnjẹ àti omi wò rìn. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lè gún abẹ́rẹ́ níṣojú ẹni tó ń kọ́ ọ. Olùyọ̀ǹda tí kò ní ìwé àṣẹ kankan, àga ni yóò máa tò, fọ́ọ̀mù ni yóò máa pín. Ó tán.

Ti “ọ̀fẹ́” yẹn ló le. Ẹnì kan ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà ni yóò tún ohun tí o bá ṣe yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ tirẹ̀ a sì máa dúró dè é. Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fi ta wọ́n lọ́rẹ, ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò gan-an ló ń dágbére. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè oṣù mélòó kan, kì í ṣe ìgbéraga.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ kì í ti í wọ̀ wọ́n létí rárá ni ìwé àjẹsára. Ẹ jẹ́ ká mú ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B (hepatitis B), tí wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè mú un fara kan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún èyí tó wọ́pọ̀ jù: èkíní lónìí, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tí èkíní bá pé oṣù mẹ́fà. Bí wọ́n bá tún ní kí o ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá ara rẹ gbà á, oṣù kan sí méjì lẹ́yìn ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò yẹn ń bọ́ sí, 10 mIU/mL sókè, ìyẹn ìwọ̀n èròjà tó ń gbèjà ara nínú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n sì ń wá. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀. Ẹni tó gba èkíní ní oṣù kìíní, ó di oṣù keje kó tó parí, ó di oṣù kẹjọ kó tó lè ṣe àyẹ̀wò. Kò sí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tó lè sọ oṣù mẹ́fà di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìlànà gbà kí wọ́n sún un mọ́ra díẹ̀, àmọ́ ọ̀sẹ̀ 16 ló kéré jù láàárín èkíní àti ẹ̀kẹta. Oríṣi kan wà fún àgbàlagbà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré láàárín oṣù kan. Kò sí níbi gbogbo. Ẹni tó bá sì gba méjì tó wá dúró, kó má ṣe padà sí òdo. Ẹ̀kẹta ló kù ú kù, kódà bí ọdún bá ti gorí ọdún, bó bá ṣáà ti ní ìwé tó fi hàn pé ó gba méjì àkọ́kọ́. “Màmá mi ní wọ́n ti fún mi ní kékeré” kì í ṣe ìwé.

Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń ṣe sábẹ́ awọ tún nìyẹn. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fi oògùn díẹ̀ sábẹ́ awọ apá, ibẹ̀ á wú díẹ̀, wọ́n á ní kí o máa lọ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ó ti parí síbẹ̀. Láàárín wákàtí 48 sí 72, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà gbọ́dọ̀ fọwọ́ tọ́ ọ, kó wá ibi tó le kì í ṣe ibi tó pọ́n, kó fi rúlà wọ̀n ọ́n, kó kọ iye mìlímítà sílẹ̀. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ kò wúlò, torí kámẹ́rà kì í fọwọ́ tọ́ awọ. Bí wákàtí 72 bá ti kọjá, o tún un ṣe nìyẹn. Níbi tí wọn kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, má ṣe é ní Ọjọ́bọ̀, torí ọjọ́ Àbámẹ́ta sí Àìkú ni kíkà rẹ̀ máa bọ́ sí, ilẹ̀kùn á sì wà ní títì. Bí wọ́n bá ń béèrè ẹlẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣe èkejì. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba MMR (àjẹsára measles, mumps àti rubella), dúró kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí o tó lọ, torí ó lè bo èsì mọ́lẹ̀. Tàbí kí o ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti ìwé àdéhùn láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀ka ìlera, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló ń fọwọ́ sí i, olùkọ́ rẹ gan-an lè má ní àṣẹ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì á kà á, wọ́n á jiyàn lórí ẹni tó máa sanwó bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Bí àdéhùn àtijọ́ kan bá wà tí kò tíì parí, orí ti bá ọ ṣe é.

Ẹni tó bá wá wọlé, ó lè jẹ́ pé fíríìjì àjẹsára ni wọ́n máa ní kó máa wò: láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó kọ nọ́ńbà tó bá rí sílẹ̀; 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ló yẹ kó wà. Ó máa ń dà bí iṣẹ́ ọmọdé lójú wọn. Bí ìwé náà bá wá ń sọ 4.1, 4.1, 4.1 láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá á mọ̀ pé ti àná lẹnìkan ń dà kọ. Àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B tó bá ti di yìnyín ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ yọ́ padà tójú ò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló lè sọ ọ́.

Mi ò ní kí a gbà pé gbogbo ìdádúró ló tọ́ o. Lẹ́tà mìíràn wà tó kàn sùn sórí tábìlì ni, ibòmíràn sì wà tí wọn kì í béèrè abẹ́rẹ́ kankan lọ́wọ́ ẹni tí kò ní kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ pé irú ibẹ̀ ló máa bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ohun tí mo kàn lè sọ ni pé kí lẹ́tà àkọ́kọ́ béèrè ìwé tí wọ́n ń fẹ́, ẹni tó ń fọwọ́ sí àdéhùn, àti ọjọ́ tí wọ́n ń dá àwọn tuntun lẹ́kọ̀ọ́.

Bí ẹnì kan bá sì ní òun lè bá ọ rí àyè lọ́jọ́ méjì bí o bá san nǹkan, tọ́jú owó rẹ. Má fọwọ́ sí wákàtí tí o kò ṣe. Àti fọ́tò: àwọn kan ń ya àkọsílẹ̀ àwọn aláàrùn sórí WhatsApp, wọ́n á ní àwọn ti fi nǹkan bo orúkọ. Orúkọ nìkan ni wọ́n bò. Ọjọ́ orí, àdúgbò àti ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ṣì hàn gbangba, mẹ́ta yẹn sì tó kí aládùúgbò mọ ẹni tó jẹ́.