Bí nọ́ńbà ìlera ṣe ń ti wọ́ọ̀dù Èkìtì dé Abuja

Ká fi ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ní sẹ́ńtà ìlera kan ní Ìkéré ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá gbé ọmọ dé, nọ́ọ̀sì gba káàdì rẹ̀, ó wo ọjọ́ ìbí, ó gún ọmọ ní Penta kejì, abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn márùn-ún pọ̀. Ó kọ ọjọ́ sórí káàdì, ó kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, lẹ́yìn náà ló tó fa ìlà kan sórí ìwé tí wọ́n fi ń ka iye ọmọ tó gbà á. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń di ìlà náà kí kíkà rẹ̀ lè yá. Abẹ́rẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìlà. Ẹni tó bá fa ìlà sílẹ̀ de gbogbo ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì, tí oògùn wá tán kó tó kàn wọ́n, ti sọ ọmọ tí kò gba nǹkan kan di ẹni tó gbà á.

Òpin oṣù ni àròpọ̀. Rẹ́jísítà aláboyún, ti ìgbẹ̀bí, ti ìfètòsọ́mọbíbí àti ti aláìsàn tó wá gba oògùn lọ sílé, gbogbo wọn ni wọ́n ń rò sórí fọ́ọ̀mù oṣooṣù, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Èkìtì. Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà tí Yunifásítì Oslo ní Nọ́wè ṣe. Bó bá ti wọlé, Adó rí i, Abuja náà rí i. Onígbáméjì àti ibà Lassa kì í dúró de òpin oṣù ní tiwọn: láàárín wákàtí 24 ni ìròyìn wọn gbọ́dọ̀ jáde.

Kọ̀ǹpútà kọ́ ló sábà ń bà á jẹ́. Wọ́n kọ 19, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ tẹ 91. Wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ níbi tó yẹ kí òdo wà. Òdo ni pé a ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó wá. Àlàfo ni pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àṣìṣe mìíràn sì ni àtúnṣe tí kò yẹ: ìyá 20 bímọ, ọmọ 22 ló wà lórí fọ́ọ̀mù, òṣìṣẹ́ wá gé e sí 20 kó lè bára mu. Ó gbàgbé ìbejì, nílẹ̀ Yorùbá!

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tún rẹ́jísítà kà, wọ́n á fi ohun tí fọ́ọ̀mù sọ pín in. Bí rẹ́jísítà bá ní 38, tí fọ́ọ̀mù ní 47, 0.81 ló jẹ́. Àárín 0.90 sí 1.10 ni wọ́n ń gbà, nítorí náà fọ́ọ̀mù yẹn ti bù lé e.

Láti mọ iye ọmọ tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ ṣòro ju ìyẹn lọ. Ìkànìyàn 2006, tó fún Èkìtì ní 2,398,957, ni wọ́n ṣì ń fi ìṣirò fẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n á wá mú nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ọ̀mùò sì wà létí ààlà Kogi. Ọmọ tó bá ti òdìkejì wá, Ọ̀mùò ni wọ́n kà á sí. Bí sẹ́ńtà kan ṣe ń gba 115 nínú 100 nìyẹn láìpurọ́.

Ìṣirò kan wà tí kò nílò ìkànìyàn. Penta kìíní, ní ọ̀sẹ̀ 6, jẹ́ 50. Ẹ̀kẹta, ní ọ̀sẹ̀ 14, jẹ́ 38. Ọmọ 12 já sọ́nà, ìdá 24 nínú 100. Bó bá ti kọjá ìdá 10 nínú 100, ó yẹ kí sẹ́ńtà ṣí rẹ́jísítà, kó wá orúkọ àwọn tí kò padà, kó pe fóònù ìyá wọn, kó sì wò ó bóyá ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ ń bọ́ sí.