Ta ló ń ru ẹrù tí áàpù bá sọ̀ lórí wa?

Ìbéèrè: Kí ló dé tí áàpù iṣẹ́ tó rọrùn lò fi máa ń le láti ṣe?

Ìdáhùn: Wàhálà iṣẹ́ kì í dédé pòórá. Bí kò bá sí lọ́rùn ẹni tó ń lo áàpù, á wà lọ́rùn ẹni tó ṣe é. Larry Tesler, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ló là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe òfin náà dòní. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù. Ẹnì kan á kọ 0803, òmíì á bẹ̀rẹ̀ láti +234, ẹlòmíì á fi àlàfo sáàárín. Áàpù kan á gba gbogbo rẹ̀, á tún un tò fúnra ẹ̀. Òmíì á kàn kọ ọ́ ní pupa pé kò tọ́, kò sì ní sọ ibi tí kò ti tọ́. Ẹni tó ṣe èkejì yìí sá fún iṣẹ́ wákàtí kan, ó wá pín ìyà rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ó máa ń dùn mí.

Ìbéèrè: Kí ni Tesler fúnra rẹ̀ ṣe?

Ìdáhùn: Lọ́dún 1974, wọ́n ṣe ètò ìkọ̀wé kan ní Xerox PARC, ibùdó ìwádìí iléeṣẹ́ Xerox ní California, tí wọ́n pè ní Bravo. Lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ àṣẹ. Ká ní ẹ fẹ́ kọ “edit”, ẹ ò rántí pé àṣẹ ló ń retí. E á mú gbogbo ìwé náà, D á pa á rẹ́, I á ní kí ẹ máa kọ̀wé bọ̀, “t” kan ṣoṣo lẹ ó wá bá lójú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ àárọ̀ ṣúlẹ̀!

Àwọn kan á ní kí onítọ̀hún lajú ẹ̀. Tesler kò gbà. Òun àti Tim Mott, onímọ̀ kọ̀ǹpútà bíi tirẹ̀, ṣe ètò ìkọ̀wé míì tó ń jẹ́ Gypsy fún àwọn olóòtú ìwé: lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀, òun náà ló máa yọ. Ibẹ̀ náà ni gígé ọ̀rọ̀ níbì kan ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíì, tí gbogbo wa ń ṣe lórí fóònù, ti gbilẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí áàpù wá máa ṣe gbogbo ẹ̀ fún wa ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Tí ẹ bá fẹ́ fowó ránṣẹ́ ní Nàìjíríà, nọ́ńbà àkáǹtì oní-díjíìtì mẹ́wàá lẹ máa tẹ̀, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì náà á sì yọ. Áàpù ló lọ wá a. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó dúró kí ẹ ka orúkọ yẹn dáadáa, kí owó tó lọ.