Bí ìlànà ìnáwó ìjọba ṣe ń pinnu ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù yunifásítì

Ìbéèrè mẹ́ta ni ìlànà ìnáwó ìjọba lórí yunifásítì ń dáhùn: ta ni yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́, ìgbà wo ni yóò san án, ènìyàn mélòó sì ni ìjọba yóò jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ gbà wọlé? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan bá yí, iye fọ́ọ̀mù tó ń wọlé yóò yí pẹ̀lú, àmọ́ kì í sábà yí síbi tí àwọn olóṣèlú fọkàn sí.

Ẹ wo England. Ní 2012, iye tó ga jù lọ tí yunifásítì lè gbà lọ́dún fò láti £3,375 sí £9,000. Fọ́ọ̀mù dínkù lọ́dún yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 2014, ìpín àwọn ọmọ ọdún 18 tó ń béèrè fún àyè ti ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìdí ni pé wọn kò ní ka owó sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ìjọba ló ń yá wọn, tó ń san án fún ilé-ẹ̀kọ́. Lábẹ́ ìlànà ọdún 2012 yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa dá a padà nígbà tí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá ti ju £21,000 lọ lọ́dún: 9 nínú 100 ohun tó bá lé lórí iye yẹn. Bí ọgbọ̀n ọdún bá pé, wọ́n á fa igi lé ìyókù. Ẹni tó bá fi 2012 wé 2011 nìkan yóò sì ṣi ìṣirò, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìbá sinmi ọdún kan lẹ́yìn girama ti sáré wọlé ní 2011 kí owó tuntun tó dé.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá gan-an ni àgbà tó ń ṣiṣẹ́ tó tún ń kàwé. Iye wọn já wálẹ̀ gidigidi. Ọ̀pọ̀ wọn ti ní oyè kan tẹ́lẹ̀, ìyẹn kò sì jẹ́ kí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó náà.

Ní 2017, ìjọba fi ẹ̀yáwó rọ́pò owó ìrànwọ́ tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní England ń gbà. Nígbà tí gbèdéke oṣù Kìn-ín-ní pé, iye àwọn tó béèrè ti fi nǹkan bí 23 nínú 100 dínkù, àwọn àgbà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó fà sẹ́yìn. Síbẹ̀, iye tó wọlé kò já tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó ń béèrè ti pọ̀ ju àyè lọ tẹ́lẹ̀. (Àwọn oníròyìn máa ń da fọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ ìwọlé, ọ̀tọ̀ ni wọ́n.) Ní 2020, owó ìrànwọ́ padà wá, ó kéré tán £5,000 lọ́dún.

Àyè pàápàá ń kó ipa tirẹ̀. Ọmọ Scotland tó bá kàwé ní Scotland kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba ibẹ̀ ló ń san án. Nítorí náà ló ṣe fi gbèdéke sí iye wọn, tí fọ́ọ̀mù fi lè pọ̀ sí i láìsí pé àwọn tó wọlé pọ̀ sí i.

Ní 2021, ìjọba Ọsirélíà gbìyànjú láti fi owó darí ọmọ: ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti ti olùkọ́ di $3,950 lọ́dún lówó ibẹ̀, ẹ̀kọ́ ìtàn di $14,500. Àwọn ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò lọ́nà tó wù wọ́n. Gbèsè tó di ìgbà tí wọ́n bá ríṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wúwo lójú ọmọ ọdún 17.

Ohun tó ń wúwo lójú wọn ni ìdánilójú. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ aláìní tó mọ̀wé dáadáa pé bí wọ́n bá wọlé, ọdún mẹ́rin gbáko ni wọn kò ní san owó ilé-ẹ̀kọ́, láìsí pé wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ kankan. Owó náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí wọ́n ìbá rí gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ọmọ 100 tí kò rí lẹ́tà, 26 ló béèrè fún àyè níbẹ̀. Nínú 100 tó rí i, 68 ni.

Ibi tí ìdánilójú bá ti pẹ́ kó tó dé, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, FAFSA, tó máa ń jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, kò jáde títí di òpin oṣù Kejìlá 2023. Àwọn tó kọ ọ́ dínkù. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì sún ọjọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ tó yàn, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, síwájú, torí pé àwọn ọmọ kò tíì mọ iye tí yóò kù fún wọn láti san.