Kí Ẹ Tó Ná Connects Yín Lórí Upwork

Ẹni tó fi ogún lẹ́tà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ lórí Upwork (òpó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn oníbàárà ti ń gbé iṣẹ́ síta fún àwọn tó ń wá a) tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn máa ń rò pé lẹ́tà òun ni kò dáa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ tó ń du gan-an ni kò yẹ kó du. Lẹ́tà kì í ṣe ọ̀fẹ́: Connects, ìyẹn àmì tí a ń rà lórí Upwork, la fi ń ránṣẹ́, sẹ́ǹtì 15 owó Amẹ́ríkà sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó bá ń gba Connects 12 ti jẹ dọ́là 1.80 lára yín. Ẹ du mẹ́wàá irú rẹ̀, dọ́là 18 ti wọlẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ka lẹ́tà yín, ìbáà jẹ́ pé wọn ò kà á. Nítorí náà, oníbàárà ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí kíkọ lẹ́tà tó kàn.

Bí ẹ bá ṣí ojú ìwé iṣẹ́ kan, ẹ má tíì wo iye owó. Ibi tí wọ́n kọ "About the client" sí ni kí ẹ lọ. "Payment method verified" túmọ̀ sí pé oníbàárà ti fi káàdì tàbí àkáǹtì tó máa fi sanwó sílẹ̀, Upwork sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò ní in ni oníjìbìtì. Òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí òpó náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́ ò ní Connects tó máa fi ta tẹ́tẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo "hire rate", ìyẹn ìdá àwọn iṣẹ́ tó gbé síta tó sì gba èèyàn sí lóòótọ́. Ẹni tó ti gbé iṣẹ́ 40 síta tí tirẹ̀ sì jẹ́ 15%, iṣẹ́ mẹ́fà péré ló gbé fún èèyàn. Gbogbo àwọn tó jókòó kọ lẹ́tà fún 34 tó kù kàn fi àkókò wọn ṣòfò ni.

Nísàlẹ̀ iṣẹ́ náà ni "Activity on this job" wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé, ibẹ̀ gan-an ló sì lọ́ràá jù. Bí "Hires" bá ti di 1 fún iṣẹ́ tí ẹnì kan péré lè ṣe, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò. Bí "Last viewed by client" bá fi hàn pé oníbàárà ti pa iṣẹ́ náà tì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò. Bí ó bá ti ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́nu wò, tí lẹ́tà sì ti lé ní àádọ́ta, ó ṣeé ṣe kó ti rí ẹni tó fẹ́. Ní tèmi, iṣẹ́ tí lẹ́tà rẹ̀ ò tíì pé mẹ́wàá ni ẹni tuntun lè fọkàn sí.

Ẹ tún ka ohun tí àwọn tó ti bá oníbàárà ṣiṣẹ́ kọ nípa rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ẹ máa mọ ìwà rẹ̀, wọ́n sábà máa ń dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dúpẹ́. Lẹ́tà tó fi orúkọ oníbàárà bẹ̀rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń pè é ní "Dear Hiring Manager".

Ní ti àsìkò, Nàìjíríà kì í yí aago padà, àmọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ń yí i. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní New York jẹ́ aago méjì ọ̀sán lọ́dọ̀ wa nígbà ooru tiwọn, ó sì ń di aago mẹ́ta nígbà òtútù wọn. Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ wa ni kí ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà bó bá jẹ́ iṣẹ́ wọn lẹ ń wá. Ẹni tó ń fi òru wá iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kàn ń fìyà jẹ ara rẹ̀ ni, nítorí aago tiwa àti tiwọn kì í jìnnà síra ju wákàtí kan lọ.

Ó wá ku lẹ́tà. Nínú àkójọ tí oníbàárà ń wò, ìwọ̀nba ìlà bíi méjì àkọ́kọ́ ló ń hàn kó tó tẹ̀ ẹ́ ṣí. Ẹni tó fi ìlà méjèèjì sọ pé òṣìṣẹ́ takuntakun lòun ti ná wọn tán láìsọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tí Yorùbá lè jẹ lérè: oníbàárà ní fáìlì ohùn mẹ́fà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ọ̀yọ́, ìṣẹ́jú 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ lẹ́tà yín, àmọ́ ohun tó yẹ kó wí nìyí:

"Fáìlì mẹ́fà tí ẹ ní jẹ́ wákàtí mẹ́rin ohùn lápapọ̀. Ìbéèrè méjì kí n tó dá ọjọ́: ṣé ẹ fẹ́ àmì ohùn lórí Yorùbá rẹ̀, àbí Gẹ̀ẹ́sì nìkan lẹ máa lò? Ṣé ẹni méjì péré ló ń sọ̀rọ̀ nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan? Mo gbọ́ ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́ dáadáa, orúkọ irúgbìn àti irinṣẹ́ oko ò ṣàjèjì sí mi. Àpẹẹrẹ ìṣẹ́jú kan wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí: Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún, àkókò níbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo lè fi fáìlì àkọ́kọ́ jíṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, kí ẹ wò ó kí n tó fọwọ́ kan ìyókù."

Ó tán. Kò sí ìtàn ilé ìwé níbẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ìbéèrè méjèèjì ló ń fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti máa ń dàrú. Ẹni tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí lè gba ìṣẹ́jú méjì ètò rédíò sílẹ̀, kó kọ ọ́, kó tú u, kó sì sọ gbangba pé àpẹẹrẹ ni. Kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀ oníbàárà dópin: àwọn kan máa ń fi àṣẹ kékeré pamọ́ sísàlẹ̀, bíi "ẹ fi ọ̀rọ̀ báyìí bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yín", kí wọ́n lè fi já àwọn tí kò ka ọ̀rọ̀ náà dópin dànù. Lẹ́tà tí ẹ̀rọ AI kọ láìsí àtúnṣe sábà máa ń kó sí páńpẹ́ yìí.

Iye owó ńkọ́? Ẹni tó yára máa lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin láti kọ wákàtí kan ohùn Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ sílẹ̀. Yorùbá alámì ohùn pẹ̀lú ìtumọ̀ lè gbà tó ìlọ́po méjì ìyẹn, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ká fi iṣẹ́ òkè yìí, tó jẹ́ wákàtí mẹ́rin ohùn, sí wákàtí 36, ìyẹn mẹ́sàn-án fún wákàtí ohùn kọ̀ọ̀kan. Bí oníbàárà bá ní dọ́là 100 lòun máa san, tí Upwork yọ ìdá mẹ́wàá, 90 ló kù. Ẹ pín in sí 36: dọ́là 2.50 ni wákàtí kan. Upwork fúnra rẹ̀ ò gbà kí owó iṣẹ́ oníwákàtí wálẹ̀ ju dọ́là 3 lọ! Láti ọdún 2025, iye tí wọ́n ń yọ lórí àdéhùn tuntun lè jẹ́ òdo, ó sì lè tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó máa ń hàn níbi tí ẹ ti ń kọ iye owó yín, ẹ wò ó kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Fiverr, òpó mìíràn tó jọ ọ́, ń yọ 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun kan wà tó ń ba iṣẹ́ Yorùbá jẹ́ lẹ́yìn tí a ti rí i gbà. Àwọn kan ń fi ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀ inú Word ṣe àmì sísàlẹ̀ fún ẹ, ọ àti ṣ. Bí oníbàárà bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú Excel tàbí áàpù mìíràn, ìlà náà á pòórá, gbogbo iṣẹ́ á sì dà rú. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá (keyboard) wà nínú Gboard, áàpù ìtẹ̀wé Google, lórí fóònù, ó sì wà nínú Windows. Òun ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì fi ojú ìwé kan ránṣẹ́ ṣáájú, kí oníbàárà sọ bóyá àwọn lẹ́tà náà hàn dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Ẹni tó bá ní kí ẹ wá bá òun lórí Telegram kí àdéhùn tó wà, tàbí kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀, owó ẹ̀kọ́ tàbí owó áàpù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, olè ni. Ẹni tó fẹ́ yá àkáǹtì yín lò tó sì máa san owó oṣù fún yín kò sàn jù ú lọ: Upwork máa ti àkáǹtì náà pa, orúkọ yín ló sì máa bàjẹ́.

Fún iṣẹ́ tí a dá owó lé lódindi, ẹ má bẹ̀rẹ̀ títí owó ìpele àkọ́kọ́ á fi wà lọ́wọ́ Upwork. Bí ẹ bá parí, bọ́tìnnì "Submit work" ni kí ẹ fi jíṣẹ́. Ẹ má kàn fi fáìlì ránṣẹ́ nínú àpótí ìfiránṣẹ́. Ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn ni ọjọ́ 14 tí oníbàárà ní láti yẹ iṣẹ́ wò bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí kò bá fèsì títí ó fi pé, owó á bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ó sì tún dúró fún ọjọ́ márùn-ún kí ẹ tó lè gbà á. Fún iṣẹ́ oníwákàtí, áàpù Upwork ló ń ka àkókò, ó sì ń ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà yín. Wákàtí tí ẹ bá fọwọ́ kọ sí i fúnra yín nítorí pé iná lọ kò sí lábẹ́ ààbò, oníbàárà lè kọ̀ ọ́ láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tí ò ní iná tó dúró ire, iṣẹ́ olówó odindi ló bá a mu.

Kí ẹ tó gba iṣẹ́ rárá, ẹ rí i pé orúkọ orí Upwork, ti Payoneer (ilé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gba owó láti òkè òkun), ti báǹkì àti ti ìwé ìdánimọ̀ yín dọ́gba, láìfi orúkọ bàbá ṣáájú níbì kan kó wá kẹ́yìn níbòmíràn. Bí NIN bá ní orúkọ mẹ́ta tí báǹkì sì ní méjì, ọjọ́ tí owó bá wọlé ni ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ọ̀nà ìgbowó yòówù kí ẹ yàn, ẹ wo iye tó ń yọ lẹ́ẹ̀kan; bó bá jẹ́ iye kan náà ló ń yọ lórí owó kékeré àti ńlá, ẹ jẹ́ kí owó kó jọ díẹ̀ kí ẹ tó fà á jáde.