Fífi AC sí 16 kò ní kí yàrá ilé ìtura tètè tutù

Ẹni tó bá dé sí ilé ìtura kékeré kan ní Òkè-Ìléwó lọ́sàn-án oṣù kẹta, tó ti ń ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn lábẹ́ oòrùn Abẹ́òkúta, rìmóòtù AC ni yóò kọ́kọ́ wá kó tó wo bẹ́ẹ̀dì. Á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, títí yóò fi kan 16 tí kò lè lọ sísàlẹ̀ mọ́. Ó gbà pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ẹ̀rọ yóò ṣe sáré tó. Òṣìṣẹ́ tó bá a gbé ẹrù wọlé gan-an lè ti bá a tẹ̀ ẹ́ kó tó jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibi tí ẹ fẹ́ kí ooru yàrá wálẹ̀ dé ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò kan bí ẹ̀rọ yóò ṣe lágbára tó. Nínú AC tó wọ́pọ̀ nílé ìtura wa, kọ̀mpírésọ̀ (ẹ̀rọ tó ń mú kí AC tutù) tó wà nínú àpótí ìta kò mọ̀ ju nǹkan méjì lọ: kó ṣiṣẹ́, tàbí kó sinmi. Bí yàrá bá wà ní 33, ẹ̀ báà tẹ 24, ẹ̀ báà tẹ 16, agbára kan náà ló máa fi ṣiṣẹ́, àsìkò kan náà ni yàrá yóò sì dé 24. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọ̀nà yà: ẹni tó fi sí 24, ẹ̀rọ tirẹ̀ á sinmi; ti ẹni tó fi sí 16 á máa bá a lọ. Ó ṣòro kí AC 1 HP nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tó dé 16 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà àṣemọ́jú ni yóò ṣe é. Tó bá di aago méjì òru, àlejò á jí, á máa gbọ̀n, á pa á. Láàárín wákàtí kan, ooru tí búlọ́ọ̀kù ògiri ti fà sára láti ọ̀sán á tún tú jáde, òógùn á bò ó.

Irú AC kan wà tí wọ́n ń pè ní inverter (kì í ṣe inverter alábátìrì o). Òun lè yí eré rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí yàrá bá gbóná gan-an, gbogbo agbára rẹ̀ ló ti ń lò tẹ́lẹ̀, bó jẹ́ 23 lẹ fi sí. Ó dìgbà tó bá ku díẹ̀ kó dé 23 kó tó rọra.

Ewu tiẹ̀ wà nínú 16 àṣemọ́jú. Bí fílítà tó wà lẹ́yìn ideri iwájú AC bá ti kún fún eruku, tí fáànù rẹ̀ sì wà ní èyí tó rọ̀ jù, atẹ́gùn tó ń kọjá lórí páìpù inú kò ní tó. Omi inú afẹ́fẹ́ á dì mọ́ páìpù náà, á di yìnyín, yìnyín á sì dí ọ̀nà atẹ́gùn pátápátá. Ẹ ó kọ́kọ́ rí i pé ó ń fẹ́ lọ́ra. Ẹ̀yìn èyí ni omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ìrọ̀rí. Ẹ pa á fún bíi wákàtí kan kí yìnyín yọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n wá fọ fílítà. Tó bá tún dì lẹ́yìn fífọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gáàsì ló ti lọ sílẹ̀. Iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn, ẹ gba yàrá mìíràn.

Kí ló wá ń fa kí yàrá má tètè tutù? Iná ni mo máa kọ́kọ́ bi léèrè. Bí iná bá wálẹ̀ gan-an láti fóltì 230 tó yẹ kó jẹ́, fáànù inú á máa fẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀mpírésọ̀ lè má lè gbéra, ooru lásán lẹ ó máa gbà. Bákan náà, nígbà tí wọ́n bá yí láti jẹnẹrétọ̀ sí iná NEPA, AC tàbí stẹbiláísà rẹ̀ á dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí kọ̀mpírésọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni àlejò á máa pa á, á máa tàn án. Bó bá ṣe ń pa á tó ń tàn án yẹn, ìdúró náà lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń sanwó, ẹ béèrè àkókò tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, àti bóyá inverter alábátìrì wọn ń gbé AC. Níbi púpọ̀, gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń gbé. Bí wọ́n bá ní àwọn wà lórí Band A, wákàtí 20 lójúmọ́ ni iná tó yẹ kí wọ́n rí ní ó kéré tán. Ẹ ṣáà béèrè nípa wákàtí mẹ́rin yòókù.

Káàdì ẹnu ọ̀nà náà ń dá kún un. Tí ẹ bá yọ ọ́ lára ògiri jáde, iná yàrá á kú, yàrá á sì máa yan títí ẹ ó fi dé. Àwọn kan máa ń ki káàdì ìdìbò wọn bọ ihò náà kí AC lè máa ṣiṣẹ́, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Ó sàn kí ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìgbàlejò ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó dé, kí wọ́n bá yín tàn án.

Bí ẹ bá wọlé tí yàrá gbóná ju ìta lọ, ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú márùn-ún ná. Ẹ wá tì í, ẹ fa kọ́tìnì, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ẹ wo rìmóòtù: àmì tó dà bí ìràwọ̀ yìnyín ni kó wà níbẹ̀, kó má jẹ́ àmì oòrùn tàbí ẹ̀kán omi. Fáànù, kó wà níbi tó le jù. Nọ́ńbà, 23 tàbí 24. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé ọwọ́ síbi tó ń fẹ́. Atẹ́gùn tó ń jáde yẹ kó fi bí dígírì 8 sí 12 tutù ju èyí tó ń wọlé lókè rẹ̀. Bí kò bá tutù sọ́wọ́, 16 ò lè tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ rọ fáànù, kí ẹ gbé e sí 25.

Ilé ìtura míì máa ń ti rìmóòtù pa sí 22, àlejò á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Èmi ò rí ìrẹ́jẹ nínú ìyẹn, bí fílítà bá mọ́ tí gáàsì sì pé. Yàrá òkè pátápátá, lábẹ́ páànù, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí wọ́n fún ní AC 1 HP, ló yẹ kí ẹ kọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé yín lọ sí ìsàlẹ̀.