Bí wọ́n ṣe ń dán èròjà tó ń gba ojú ìpàdé eyín wò

Kí ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá tó lè ṣe èyí tó bá ẹnu mu, ó gbọ́dọ̀ mọ bí eyín òkè ṣe ń kan ti ìsàlẹ̀. Dókítà eyín á tẹ́ èròjà rírọ̀ kan sórí eyín ìsàlẹ̀, aláìsàn á pa eyín dé, èròjà náà á sì le. Òun ni wọ́n á fi to àwòṣe eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ léra nínú láàbù. Bó bá fi díẹ̀ yẹ̀, eyín tuntun á ga jù, dókítà á sì wá máa ha á lẹ́nu aláìsàn.

Ohun méjì tó takora ni wọ́n ń fẹ́ lára èròjà yìí: kó rọ̀ gan-an nígbà tí ẹnu ń pa dé, torí bó bá ń ta ko eyín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́; kó sì le gírígírí lẹ́yìn náà. Láti mọ bó ṣe rọ̀ sí, wọ́n á fi ìdajì mìlílítà rẹ̀ sáàárín gíláàsì méjì, wọ́n á gbé ẹrù kílò kan ààbọ̀ lé e, wọ́n á sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó.

Òṣùwọ̀n Shore ni wọ́n fi ń wo líle rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan tí sípíríìnì ń tì á tẹ ojú èròjà tó ti gan. Bí kò bá wọlé rárá, 100 ni. Sílíkónì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí le débi pé òṣùwọ̀n Shore A, tó wà fún ohun rírọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á mọ́, wọ́n a wá lo Shore D, tó wà fún ohun líle. Nọ́ńbà yìí ni àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti tẹ̀ sára páálí, àmọ́ kò sọ tán: èyí tó le jù lè há sábẹ́ eyín, kó sì ya nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́.

Ìdánwò tó ń tú àṣírí jù ni ti sísún kì. Wọ́n ní irin dídán kan tí wọ́n fín ìlà sí, mìlímítà 25 ló wà láàárín ìlà méjì. Wọ́n á da èròjà náà lé e, wọ́n á rì í bọ omi tó gbóná tó 35°C, bíi ti inú ẹnu, kó lè gan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ká a kúrò, wọ́n á fi maikirosíkóòpù wọn ìlà tó hàn lára rẹ̀, wọ́n á sì tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí 24. ISO 4823, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún irú èròjà yìí, kò gbà kó yí ju 1.5% lọ, ìyẹn mìlímítà 0.375 lára 25. Ká sòótọ́, àyè yẹn gbòòrò jù fún ojú ìpàdé eyín, torí ohun tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ni eyín ń mọ̀ lára.

Ohun tó wà nínú èròjà ló ń pinnu bó ṣe ń yí. Ìda máa ń sún kì bó bá ti tutù, ó sì máa ń tẹ̀ bó bá pẹ́ nílẹ̀. Polyether, èròjà míì tó jọ rọ́bà, ń mu omi, ó sì ń wú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ. Oríṣi sílíkónì kan ń tú ọtí jáde bó ṣe ń gan, ìyẹn ló ń mú un kéré sí i. Èkejì kì í tú u jáde, òun ló sì ń dúró bó ṣe wà jù. Torí pé iṣẹ́ lè pẹ́ kó tó dé láàbù, àwọn tó ń dán an wò sábà máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìda ò tiẹ̀ yẹ ní dídúró títí dìgbà yẹn: kété tó bá ti tẹnu jáde ló yẹ kí wọ́n ti lò ó.